Ọmọ tí Mo Fún ní Ipò Kìn-ín-ní

Òórùn ògì ni ó máa ń gbé mi padà sí Ìkẹ́rẹ́. Kì í ṣe ògì tí ó ti kan, èyí tí a ń fi ro ẹ̀kọ láràárọ̀, bí kò ṣe ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, tí ó funfun, tí omi rẹ̀ ṣì ń kán láti inú aṣọ tí wọ́n dì í sí. Títí di òní, bí mo bá kọjá lẹ́yìnkùlé ẹni tí ó ń sẹ́ ògì, ó máa ń rẹ̀ mí lójijì, bí ẹni tí ó ti ń ru igi láti àárọ̀. Àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ ogbó ni. N kì í bá wọn jiyàn. Ogbó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ yìí ti ń bá mi gbé láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, nígbà tí n kò tíì bí ẹyọ ọmọ kan, tí mo sì ń kọ́ àwọn abiyamọ tí ó ti bí mẹ́fà bí wọn yóò ṣe máa bọ́ ọmọ wọn.

Ìwọ tí a jọ lo ayé ìgbà náà kò ní gbàgbé bí àwọn ilé ìgbẹ̀bí wa ṣe rí: ilé gígùn kan tí a fi ẹfun kùn, òrùlé páànù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bẹ́ǹṣì kún inú rẹ̀, àti òṣùwọ̀n tí a so agbọ̀n kan rọ̀ sí nísàlẹ̀ láti máa wọn ọmọ. Òkè Olósùnta wà lẹ́yìn tiwa, nítorí náà oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í pẹ́ lágbàlá wa. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ìyá máa ń wá. Iṣẹ́ mi ni láti wọn ọmọ, kí n kọ ọ́ sórí káàdì, lẹ́yìn náà kí n dúró níwájú wọn kí n kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ. Sista tí ó jẹ́ ọ̀gá mi fún mi ní páálí ńlá kan tí wọ́n ya àwòrán sí, tí ó ti òkè òkun wá. Oúnjẹ afúnnilágbára wà lápá kan, oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà lápá kejì, oúnjẹ tí ń lé àrùn lápá kẹta. Èso pupa kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan nínú wa kò jẹ rí, èmi náà kò jẹ ẹ́ rí. Ègé wàrà dídì kan tún wà níbẹ̀ tí obìnrin kan bi mí bóyá ọṣẹ ni. Mo sọ ẹ̀kọ́ náà di orin, wọ́n sì ń kọ ọ́ dáadáa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé orin a máa bọ́ ọmọ ni, ọmọ kan kì bá tí rù ní Ìkẹ́rẹ́.

Láàárín àwọn abiyamọ wọ̀nyí, ìyá àgbà kan wà tí kì í pa ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan jẹ. Opó ni, ó ń dá oko iṣu tirẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run sì fi sílẹ̀ fún un, obìnrin, tí ó fẹ́ olùkọ́ kan ní Ìsẹ̀. Ọmọbìnrin yìí bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó pé ọdún kan dáadáa, oyún mìíràn ti dé. O mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà náà. Wọ́n ní ọmú aláboyún ti bàjẹ́, pé yóò fa àrùn sí ọmọ lára. Ìtìjú náà tún wà níbẹ̀, pàápàá fún olùkọ́ tí ó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ìjọ yóò máa ka oṣù lé lórí. Nítorí náà wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì gbé e sínú lọ́rì wá bá ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Inú ìyá àgbà dùn dé góńgó. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó ń pè é ní ọkọ mi, ó sì wá jókòó síwájú àwọn abiyamọ kéékèèké lórí bẹ́ǹṣì wa bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wá ni ó bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, kí ni kó máa jẹ ní ulé mi?"

Ìbéèrè tí ó dára ni, bóyá òun ni ìbéèrè tí ó dára jù tí ẹnikẹ́ni bi mí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dí, àwọn ọmọ ń ké, oòrùn sì ti ń lọ. Mo ní, "Ẹ̀kọ tó mọ́ ni, Yèyé. Kó sáà ti mọ́. Ẹ má jẹ́ kó fi ìdọ̀tí kankan sẹ́nu." Ìmọ́tótó ni ìyìn rere wa nígbà náà, ó sì ní ìdí, nítorí ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ púpọ̀. N kò parọ́ fún un. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí kò bi mí ni mo kàn fún un.

Ìyá àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Nígbà tí mo lọ wò ó nílé, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ń sẹ́ ògì ọmọ náà. Yóò fi asẹ́ sẹ́ ẹ, yóò tún fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, yóò sì tún wá aṣọ mìíràn tí ojú rẹ̀ dí ju ti àkọ́kọ́ lọ, títí ògì náà yóò fi funfun báláú, tí kò ní fi nǹkan kan jọ àgbàdo mọ́. Èérí rẹ̀ tí ó kù, ewúrẹ́ ni ó ń dà á fún, ara àwọn ewúrẹ́ ilé náà sì ń dán. Ní ọ̀sán, yóò gún iyán kékeré, àṣàyàn iṣu, tí kò ní kókó kankan, yóò fi omi ọbẹ̀ kàn án díẹ̀. Kò fún un ní ẹja nítorí egungun. Kò fún un ní ẹ̀wà nítorí inú rírun. Ẹran àti ẹyin kò sí lórí ọ̀rọ̀ rárá, nítorí wọ́n ní ọmọ tí ó bá tètè mọ adùn wọn, ojú kòkòrò ni yóò fi dàgbà. Mo wo ògì funfun náà, mo yìn ín. Mo tilẹ̀ ní kí àwọn ìyá mìíràn lọ wo bí ó ṣe ń ṣe é.

Oníṣòwò kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Mùsùlùmí ni, àwọn ọmọ sì pọ̀ nílé rẹ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó ráyè kẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àjẹkù ẹ̀wà ni wọ́n ń fi epo jẹ láàárọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, wọn yóò máa wa ìrẹ̀ kiri lẹ́yìnkùlé, wọn yóò sun ún nínú ẹyin iná, wọn yóò jẹ ẹ́ tòun ti eérú. Ọmọ tiwa máa ń rá lọ sọ́dọ̀ wọn, ìyá àgbà a sì tún lọ gbé e padà. Ní ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan nínú wọn bu itan ìrẹ̀ fún un. Èmi fúnra mi ni mo gbá a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá ọmọbìnrin náà wí pé kó má fún ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀gbin jẹ, ó sì wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, tàbí ohun tí gbogbo wa pè ní sísanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ara rẹ̀ ń mọ́ sí i. Irun rẹ̀ tí ó dúdú tẹ́lẹ̀ di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀ bí òwú, àwọn obìnrin a máa fọwọ́ pa á, wọn a ní irun òyìnbó ni Ọlọ́run fún un. Kò rá mọ́. Kò bá àwọn ọmọ oníṣòwò ṣeré mọ́. Bí a bá gbé e kalẹ̀ síbì kan, ibẹ̀ náà ni a ó ti bá a. Ìyá àgbà ní ọmọ òun ti gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Èmi ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òṣùwọ̀n ń gòkè, mo sì ń kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé ó ń ṣe dáadáa.

Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ ni a ṣe àfihàn ọmọ, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Bébì Ṣó. A fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà sórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, ìyàwó pásítọ̀ àti ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jókòó sórí àga bí onídàájọ́, èmi ni mo sì dúró ti òṣùwọ̀n. Ohun mẹ́ta ni a ń wò: bí ọmọ ṣe wúwo tó, bí ó ṣe mọ́ tó, àti ìwà rẹ̀. Wọ́n gbé àbíkẹ́yìn oníṣòwò wá. Ó gbọnra nù bí ẹja nínú agbọ̀n náà, ó fi ẹsẹ̀ ta mí láyà, kí n sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti tọ̀ sórí ìwé tí mo ń kọ. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá gbé ọmọ tiwa sínú rẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò wo ìyá rẹ̀ àgbà, kò wo òṣùwọ̀n, kò wo èmi.

Ìyàwó pásítọ̀ ní, "Ẹ wo ọmọlúàbí. Àbí ẹ̀yin náà ò rí i?"

Mo rí i. Èmi ni mo pe iye tí ó wọ̀n, kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó tó o. A fún un ní ipò kìn-ín-ní, a fún un ní abọ́ tánganran olódòdó, táwẹ́lì kan, àti ìwé ẹ̀rí tí èmi fúnra mi kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìyá àgbà da abọ́ náà borí bí fìlà, ó sì jó láti pápá dé ilé rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, inú tèmi náà sì dùn, nítorí ọmọ ọwọ́ mi ni.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni dókítà máa ń ti Adó wá bẹ̀ wá wò. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé àfihàn yẹn ni ó dé, ìyá àgbà sì gbé ọmọ àti ìwé ẹ̀rí wá kí ó lè rí i. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Kò wo ìwé. Ó mú ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ òkè rẹ̀, ó ní sùúrù díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ihò tí àtàǹpàkò rẹ̀ dá síbẹ̀ kò dí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun tí a pò, ìyá àgbà sì ń wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ń retí pé kí ó yin òun.

Dókítà ní, "Ta ló wọn ọmọ yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Ó ní, "Omi lo wọ̀n."

Ó pe orúkọ àìsàn náà, kuaṣiọ́kọ̀. Ó ní èdè àwọn ará Gold Coast ni, pé àìsàn tí ń mú ọmọ tí àbúrò rẹ̀ lé kúrò lẹ́nu ọmú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ náà ń jẹun yó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ń mú ara dàgbà nínú oúnjẹ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju afúnnilágbára lọ. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà, edé, ohun tí ó kún ọjà Ìkẹ́rẹ́, òun ni kò rí jẹ. Ó wá yí ojú sí mi, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́ kí ìyá àgbà má baà gbọ́, pé bí a kò bá tètè gbà á sọ́dọ̀ wa kí a máa bọ́ ọ ní díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru, ọmọ náà kò ní pẹ́ kú. Àṣé ó wà nínú orin tí mo ń kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, apá kejì páálí mi. Mo mọ̀ ọ́n lórí ṣáká. N kò wulẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀wà ọjà wa ni orin náà ń sọ.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá àgbà pé ara ọmọ kò yá, pé yóò sùn lọ́dọ̀ wa, ó kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Lẹ́yìn náà ó na ìwé ẹ̀rí náà sí mi. Ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ èyí? Ìwọ lo ní òun ló dára jù ní gbogbo ulú. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé. Kí ló yí padà?" Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì lọ sílé.

Mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ kejì. Mo tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Ó ti fi abọ́ tánganran kọ́ ara ògiri níbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti kọ́kọ́ rí i, ó fi àtè lẹ ìwé mọ́ òkè rẹ̀, ọmọ sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tí abọ́ náà kò ti sọ òdìkejì rẹ̀ ṣáájú mi. Mo padà lọ bá Sista, mo ń sunkún. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní, "Ìwọ lo gbé e gun igi. Ìwọ náà ni wàá gbé e sọ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá àgbà tún wá, nítorí kò pa á jẹ rí. Mo fi páálí àwòrán sínú ilé. Mo dúró níwájú wọn, mo ní mo ti ṣi ọmọ wọ̀n. Mo ní ọmọ tí mo fún ní ipò kìn-ín-ní ni àìsàn rẹ̀ le jù nínú gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, pé ọmọ tí ó tọ̀ sí mi níwèé ni ara rẹ̀ le, pé èmi ni mo ní kí wọ́n máa fún un ní ohun funfun, èmi ni mo gba ohun gidi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀ àgbà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, wọ́n yí ojú sí ìyá àgbà. Ìyá àgbà dìde. Mo rò pé yóò ṣépè fún mi, n bá sì ti ṣe àmín sí i. Ó la àárín gbogbo wọn kọjá, ó gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Gbà á. Ṣùgbọ́n ojú mi ni o ó ti ṣe é."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé oúnjẹ ni oògùn, sọ fún un pé kó wá bọ́ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun wò. Kì í ya ẹnu. Bí a bá fi ṣíbí kan sí i lẹ́nu, yóò jẹ́ kó ṣàn jáde, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé ti sú ni. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí dókítà fi sílẹ̀ kọ́kọ́ dà á nínú rú, ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun ilé kún un. Ìyá àgbà yóò rẹ ẹ̀wà, yóò bó o, yóò lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi kúnná, yóò lọ edé mọ́ ọn, yóò fi ewé eéran pọ́n ọn ní ọ̀ọ̀lẹ̀ kéékèèké. Èmi yóò lọ ẹ̀pà sínú ògì, ògì tí a kò sẹ́ jù mọ́, n ó po ẹyin sínú rẹ̀ kó tó jinná. Ṣíbí kan, a ó dúró. Ṣíbí mìíràn, a ó tún dúró. Kí a tó parí ti àárọ̀, ti ọ̀sán ti tó. Ọwọ́ mi dùn mí, ẹ̀yìn dun ìyá àgbà, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ ju ẹ kú iṣẹ́ lọ.

Ohun tí dókítà kò ráyè sọ fún wa ni pé ọmọ náà yóò burú kó tó sunwọ̀n. Omi ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí gbogbo ìlú ń yìn gbẹ, egungun ìhà rẹ̀ yọ, itan rẹ̀ kò ju ọwọ́ mi lọ, ojú rẹ̀ di ojú arúgbó. Bí òṣùwọ̀n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, inú mi ń dùn, nítorí mo mọ ohun tó ń jáde, ìyá àgbà sì ń sunkún. Àwọn ènìyàn ń wá yọjú lórí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti wo ọmọ ipò kìn-ín-ní tí nọ́ọ̀sì ń pa. Wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

Mo ní, "Omi ló ń jáde, Yèyé."

Ó ní, "Ọmọ mi ló ń jáde."

Ìròyìn dé Ìsẹ̀. Ìyá ọmọ náà wá fúnra rẹ̀, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi igbe ta. Ó ní òun kò ní jẹ́ kó kú sí ilé ìjọba, pé lọ́rì ń dúró de àwọn ní ojú ọ̀nà, pé wọ́n mọ ẹni tí yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ̀. Ìyá àgbà wo ọmọ rẹ̀, ó wo mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn, wọn yóò tún máa fún un ní ògì tí a sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò sì sin ín. Mo sì mọ̀ pé n kò ní ẹnu tí mo fi lè sọ ọ́, nítorí pé ẹnu kan náà ni mo fi sọ ti àkọ́kọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wò wọ́n. Ó rẹ̀ mí.

Ìyá àgbà ti gbé ọmọ pọ̀n tán, ó ti fi ọ̀já dì í. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àná, ebi sì ń pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú ọ̀ọ̀lẹ̀ tí ó pọ́n láàárọ̀ yẹn, ó tú ewé rẹ̀, ó gé e, ó ń gbé e lọ sẹ́nu ara rẹ̀. Ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ, bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ó já ọ̀ọ̀lẹ̀ náà gbà, ó sì ki í bọ ẹnu lẹ́yìn ọrùn ìyá àgbà. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún na ọwọ́, nígbà tí kò sì tètè rí òmíràn, ó fi ìbínú ké.

Ìyá àgbà tú ọ̀já. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọmọ sórí itan, ó ń fi ọwọ́ bù ú fún un, omijé ń kán sórí ewé. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó tì í. Lọ́rì fọn fèrè títí ó fi sú awakọ̀, ó sì lọ.

Ọmọ náà yè é. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, irun dúdú ti ń hù nísàlẹ̀ pupa, ó ń sáré, ó ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ oníṣòwò. Ọjọ́ tí wọ́n ń padà sílé pátápátá, mò ń retí pé ìyá àgbà yóò dúpẹ́, tàbí kó bú mi. Mo ti múra sí méjèèjì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú rárá nígbà tí ó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tí o ti wọ̀n ṣáájú tèmi ńkọ́? Ta ló tẹ ẹsẹ̀ wọn wò?"

Ó lọ. Kí wọ́n tó gbé mi wá sí Ìkẹ́rẹ́, mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ní Emùré, òṣùwọ̀n kan náà, orin kan náà. Mo kó àwọn orúkọ jọ, àwọn ọmọ tí ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́, tí ó sanra, tí mo rántí pé mo yìn. Sista fún mi láyè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn láti ilé dé ilé, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, àwọn ìyá wọn ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ọ̀pọ̀ ló sanra lóòótọ́. Mo bá àwọn mélòó kan tí tiwọn kì í ṣe sísanra, a sì tètè gbà wọ́n sọ́dọ̀ wa. Ní Emùré, mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó dá mi mọ̀ kí n tó délé. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi tútù fún mi, ó wọ inú yàrá lọ, ó sì mú káàdì ọmọ rẹ̀ jáde láti inú aṣọ tí ó dì í sí. Ọmọ náà ti kú láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ní kò ṣàìsàn kan tí ènìyàn lè nàka sí. Ó kàn ń ṣe jẹ́ẹ́ ni, ó sanra títí dé ọjọ́ tí ó kú. Ó ní òun pa káàdì náà mọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ dáadáa nípa ọmọ òun ni ó wà nínú rẹ̀, pé kò sí ẹlòmíràn tí ó kọ ohun kan sílẹ̀ nípa rẹ̀ láyé. Ó kúnlẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀.

Mo mu omi náà. Mo ní kó rọ́jú, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. N kò sọ fún un pé omi ni mo wọ̀n.

Lẹ́yìn ìgbà náà mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké sì máa ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kí ìyá yìí tó kí ọmọ, yóò ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. N kì í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni yóò jẹ fún un mọ́ láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń jẹ, kí n sì ṣí ìkòkò rẹ̀ wò. Àwọn kan pè é ní ọgbọ́n, wọ́n sì yìn mí fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Emùré yẹn ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáájú gbogbo wọn, títí di òní n kò sì tíì rí ibi tí n ó sọ ọpẹ́ náà kalẹ̀ sí.